Ìbéèrè Ìtúraká: Bí Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Ṣe Ń Di Ojúlùmọ̀

 

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pe àwa olùkọ́ bí ogún jọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan. A kò mọ ara wa rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń darí ètò náà ní kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí olúkúlùkù dìde, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ irú ẹranko tí ì bá wù ú láti jẹ́ bí Ọlọ́run kò bá dá a ní ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan mú kìnnìún, èkejì mú ẹyẹ ọ̀kín. Nígbà tí ó kan bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ojú bàbá ti yí padà. Ó ní, “Ọmọ mi, láti àárọ̀ tí a ti jókòó síbí, ta ni o rí nínú wa tí ó jọ ẹranko?” Kẹ́kẹ́ pa. Láti ìgbà náà títí ètò fi parí, bàbá kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ nínú yàrá yẹn.

Ọmọ náà kò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Inú ìwé ni ó ti rí ìbéèrè rẹ̀, ìwé náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní “icebreaker”, èyíinì ni ohun tí ń fọ́ yìnyín. Nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti yá àfiwé náà: ní ilẹ̀ olótùútù, omi a máa dì gbagidi, ọkọ̀ onírin kan tí ó lágbára ni yóò sì ṣáájú láti la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Àwa tí yìnyín wa kò ju èyí tí ń bá òjò rọ̀ lọ, àfiwé yẹn kò lè wọ̀ wá lára. Lọ́dọ̀ tiwa, ara ni ó máa ń ká kò, a ó sì ní kí ènìyàn túra ká. Nítorí náà, ìbéèrè ìtúraká ni n ó máa pè é. Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Níbo ni àṣà yìí ti wọ inú iṣẹ́ òde òní? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn gba ọwọ́ Kurt Lewin kọjá. Júù ni Lewin. Ní ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní Mogilno, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tí ó ti di ti Pólándì báyìí. Ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, ó fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1946, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn jọ ní ìlú New Britain ní ìpínlẹ̀ Connecticut, kí wọ́n lè jíròrò lórí bí a ṣe lè dín ẹ̀tanú ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn kù. Ní ọ̀sán, àwọn akópa a jíròrò. Ní alẹ́, àwọn olùwádìí a kóra jọ láti sọ ohun tí wọ́n rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, díẹ̀ nínú àwọn akópa tọrọ àyè láti wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Lewin gbà. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: èyí ní ohun tí ó wà lọ́kàn òun kọ́ nìyẹn, ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun náà ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú àríyànjiyàn alẹ́ náà ya gbogbo wọn lẹ́nu.

Lewin kú ní oṣù Kejì ọdún 1947. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kan náà, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú kékeré Bethel ní ìpínlẹ̀ Maine. Níbẹ̀, wọ́n a kó àwọn tí kò mọ ara wọn rí jókòó yíká, wọn kì í sì fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa kíyè sí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀gá wọn lọ. Èmi rò pé ọ̀pọ̀ eré àti ìbéèrè tí a ń bá pàdé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lónìí jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn àpéjọ wọ̀nyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ-ọmọ náà ti gbàgbé ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ń wá. Ẹ̀tanú ni ti Lewin. Tiwa ti di irú ẹranko.

Ní ọdún 1997, Arthur Aron àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí ó gbajúmọ̀. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ara wọn ní méjì méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní ìbéèrè 36, ní ìsọ̀rí mẹ́ta, láti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 45. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní wàhálà: ta ni ìwọ ì bá fẹ́ bá jẹun alẹ́ nínú gbogbo ayé? Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé kí o sọ ìṣòro rẹ kan, kí o sì gba ìmọ̀ràn ẹnì kejì lórí rẹ̀. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ṣákálá tí kò kan inú. Àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n sún mọ́ ara wọn jù. Ní 2015, obìnrin òǹkọ̀wé kan, Mandy Len Catron, kọ nípa ìbéèrè wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn New York Times, ni gbogbo ayé bá sọ ọ́ di oògùn ìfẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ Aron ni pé díẹ̀díẹ̀ ni ìbéèrè ń wọlé, àti pé bí èmi bá ti sọ tèmi, ìwọ náà ó sọ tìrẹ.

Ẹnìkan lè ní eré ọmọdé ni gbogbo èyí. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí kì í ti í ṣe eré.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì, ti KLM ilẹ̀ Netherlands àti ti Pan Am ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Ènìyàn 583 ni ó ṣòfò, kò sì sí ìjàǹbá bàálù mìíràn tí ó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ọ̀gá awakọ̀ KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra nígbà tí wọn kò tíì fún un láṣẹ. Ẹnjiníà tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ta ni yóò tún bi í? Ọ̀gá àgbà ni nínú àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà, òun ni ó ń kọ́ àwọn yòókù, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìpolówó ọjà wọn.

Ọdún kejì rẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù United kan ń yí lókè ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mú wọn lọ́kàn, títí epo fi tán. Ènìyàn 10 ni ó kú. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú ọ̀gá awakọ̀ mọ̀ pé epo ń lọ. Wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ikú. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú yàrá awakọ̀ méjèèjì yìí, ọgbọ́n wà lọ́wọ́ ọmọdé, kò rí ẹnu sọ ọ́.

Ní 1979, NASA pe àpéjọ lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó sì di 1981, United bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Lára ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi kọ́ àwọn ọ̀gá awakọ̀ ni bí wọn yóò ṣe lo ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń fò: kí wọ́n béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí ó bá rí àṣìṣe àwọn kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ní 1994, àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìjàǹbá ńlá láàárín 1978 sí 1990 wò, àwọn tí àṣìṣe awakọ̀ lọ́wọ́ nínú. Nínú èyí tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn awakọ̀ náà jọ ṣiṣẹ́. Ìdá 44 sì jẹ́ ní ìrìn àkọ́kọ́ gan-an. Àìmọra-ẹni náà lè pani.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde, èyí tí oníṣẹ́ abẹ Atul Gawande ṣe aṣáájú rẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó kan awọ aláìsàn, olúkúlùkù tí ó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dán ìwé náà wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, láti Toronto àti London títí dé Ifakara ní Tanzania. Àbájáde tí ó jáde ní oṣù Kìíní 2009 fi hàn pé ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti ìdá 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìwé àyẹ̀wò ni ó ṣe èyí, kì í ṣe orúkọ pípè nìkan, kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: ní 2014, ìwádìí ní ilé ìwòsàn 101 ní Ontario ní Kánádà kò rí ìyàtọ̀ tí ó ní láárí nínú iye ẹni tí ó kú. N kò yà sí i. Ẹni tí ó ń sọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n lè fi àmì sí ìwé, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2017, dókítà Rob Hackett ní Sydney kúkú kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sí fìlà tí ó ń dé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún wa. Èdè wa kò gbà kí a bá àlejò sọ gbólóhùn kan láìyàn láàárín “o” àti “ẹ”. Kí a tó béèrè ohunkóhun, a ti ń fi ojú wọn ọjọ́ orí. Orúkọ tí ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Toronto lè pe ọ̀gá rẹ̀, kò ṣeé pè ní Ìbàdàn. “Ọ̀gá”, “ẹ̀gbọ́n”, “ìyá ìbejì” ni a ó pè é. Bí a bá kó àṣà orúkọ pípè wọlé báyìí, ara yóò túbọ̀ ká kò ni.

Ṣé a kò wá ní tiwa? A ní. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní 1939, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1970, N. A. Fadipe ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀. Àwọn alájọṣe àáró sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Wọn kò nílò ìbéèrè kankan, wọ́n ti jọ dàgbà. Ọ̀wẹ̀ ni ó máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, àwọn ará ilé àna pẹ̀lú ará ilé ìyàwó. Ìkíni sì ni irinṣẹ́ wọn.

Ẹ wo “ńkọ́”. Àwọn onímọ̀ gírámà pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèbéèrè. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó dárúkọ ohun tí à ń béèrè, kò sì sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò ní “wọ́n wà”, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ìtìjú. Ẹni tí ó ní ẹrù lọ́kàn yóò mí kanlẹ̀, yóò sì sọ ọ́. Olùdáhùn ni ó ń pinnu bí kànga náà yóò ṣe jìn tó. Ní ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa yẹn, nígbà tí a jáde láti jẹun, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ní, “Ilé ńkọ́, sà?” Ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ogójì ọdún ni ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà, ohun tí a sì pè wá jọ láti kọ́ lọ́jọ́ méjì náà, ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó ń kọ́ wa lọ.

Èmi náà ti ṣi ìbéèrè bi rí. Mo máa ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní márùn-ún márùn-ún láti lọ gba ohùn àwọn elédè àdúgbò sílẹ̀, mo sì ń ní kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe jẹ́. Abíọ́nà sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe rọbí nínú mọ́tò, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìdòwú sọ nípa àwọn ìbejì tí ó tẹ̀ lé. Ó wá kan ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kòkúmọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó rántí. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní òun ni ìkẹrin, òun nìkan ni ó sì dúró. Mo ń wá ohun tí n ó sọ, nígbà tí ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé Málọmọ́ ni orúkọ ẹ̀gbọ́n òun.

Láti ọjọ́ náà, mo ti ń fi ìbéèrè kejì sí i, kí ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ti orúkọ lè mú èyí: ta ni ó kọ́kọ́ pa àlọ́ fún ọ? Àwọn méjì yẹn ni wọ́n jọ lọ sí Èkìtì lọ́dún náà. Àgbàlagbà mẹ́rìnlá ni wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú kíláàsì.