Òfin, Owó Aládàáni àti Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, àwọn ọkùnrin ìlú ni í jáde yẹ ọ̀nà, oníbodè a sì máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń kọjá. Àṣẹ ọba tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òde òní kì í ṣe iṣẹ́ àdá àti ọkọ́. Owó ńlá ni í gbà, bí ti ìjọba kò bá sì tó o, àwọn olówó ni a ó tọ̀ lọ. Olówó kì í sì í fi owó rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ kò bá dá a lójú. Òfin ni ó yẹ kí ó fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ní ọdún 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn ju 120 kìlómítà lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọkọ̀ pọ̀ sí i, ọ̀nà náà sì bàjẹ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹrù rà sójú ọ̀nà.

Ní ọdún 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lu òfin tí ó fún àwọn aládàáni láyè láti fi owó wọn ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Òfin náà ní kí àwọn tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ díje ní gbangba. Ó sì kọ̀ kí a ṣàdédé fagi lé àdéhùn tàbí kí a yí i padà lọ́nà tí òfin kò là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó di ọdún 2008 kí a tó fi ìdí àjọ tí yóò mójú tó o múlẹ̀.

Ní ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀nà náà lé ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney lọ́wọ́ fún ọdún 25, iye iṣẹ́ náà sì jẹ́ 89.5 bílíọ̀nù náírà. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò tún un ṣe, yóò sì fi owó ibodè gba tirẹ̀ padà. Ní oṣù November ọdún 2012, ìjọba fagi lé àdéhùn náà, ó ní owó kò jọ, iṣẹ́ kò sì tẹ̀síwájú. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹjọ́ wà ní kóòtù, ọkọ̀ wà nínú kòtò. Ní ọdún 2013, a gbé iṣẹ́ náà fún Julius Berger àti RCC ní 167 bílíọ̀nù náírà.

Ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari gba ọ̀nà mìíràn. Ó pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí lè yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó orí tí ó yẹ kí ó san. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Dangote fi ṣe ọ̀nà Ọbajana sí Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tí yóò fi owó ibodè gba owó rẹ̀ padà ní láti dúró de àwọn ọlọ́kọ̀ àti ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn fún ọdún 25. Ẹni tí yóò yọ ọ́ nínú owó orí mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Síbẹ̀, owó orí tí a kò san jẹ́ owó gbogbo ìlú. Ó yẹ kí ìlú rí ìṣirò rẹ̀. Òfin rere ni í pe olówó wá. Àdéhùn tí a mú ṣẹ ni í mú un dúró.