Òṣìṣẹ́ ni àbí agbaṣẹ́ṣe? Ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ occupational therapy l'Amẹ́ríkà mọ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti dókítà nìkan ni wọ́n ń ṣe. Occupational therapy, tí wọ́n ń gé kúrú sí OT, wà lára iṣẹ́ tí àwọn kan yàn láàyò. Ẹni tó ń ṣe é ni í máa ń kọ́ aláìsàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù bí yóò ṣe tún máa wọṣọ, bí yóò ṣe máa wẹ̀, tí yóò sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Òun náà ni í máa ń ran ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára lọ́wọ́ kí ó lè di pẹ́ńsù mú. Ọdún 1917 ni àwọn tó dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kọ́kọ́ pàdé ní ìlú Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York. Nílé níbí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìmọ̀ iṣẹ́ kì í sábà da àwọn tó ń ṣe é láàmú tó ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Iléeṣẹ́ méjì lè wá ènìyàn kan náà, kí ọ̀kan pè é ní òṣìṣẹ́, kí èkejì sì pè é ní agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró. Owó tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà ní wákàtí kan sábà máa ń pọ̀ ju ti òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà nídìí owó náà kò hàn sí gbogbo ojú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbani síṣẹ́

Oríṣi méjì ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èkíní ni oníṣẹ́ OT gan-an, tó gbọ́dọ̀ ní oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Èkejì ni igbákejì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní OTA, tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ NBCOT, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́. OTA kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí oníṣẹ́ OT tó ń bójú tó o.

Àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà ní ilé-ìwòsàn, ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn kan ń ṣe ìwọ̀nba wákàtí lọ́sẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PRN, tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ tàbí tí ẹlòmíràn bá gba ìsinmi. Bákan náà ni àwọn arìnrìn-àjò wà, tí iléeṣẹ́ abániwáṣẹ́ ń gbé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí àdéhùn wọn sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Òṣìṣẹ́ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ lójú òfin, ìyẹn ni pé ẹni tó gbà wọ́n ló ń yọ owó-orí wọn, tó sì ń fún wọn ní fọ́ọ̀mù W-2 ní ìparí ọdún.

Agbaṣẹ́ṣe yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù W-9 ni yóò kọ́kọ́ kún, kì í ṣe W-4 tí òṣìṣẹ́ ń kún. Gbogbo owó rẹ̀ ni wọn yóò kó fún un láìyọ kọ́bọ̀, fọ́ọ̀mù 1099-NEC ni yóò sì tẹ̀ lé e. Irú èyí wọ́pọ̀ nídìí ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké àti ìtọ́jú inú ilé, níbi tí wọ́n ti ń san owó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àyípadà ọdún 2019

Títí di oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn wà lára ohun tí Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, fi ń ṣírò owó tí yóò san fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún náà ni ètò tuntun, PDPM, bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ipò tí ara aláìsàn wà ni wọ́n ń wò. Bí owó kò ṣe sí lórí ìṣẹ́jú mọ́, àwọn iléeṣẹ́ kan dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n sì sọ àwọn mìíràn di PRN. Àwọn OTA tún rí tiwọn ní ọdún 2022, nígbà tí Medicare bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdá 85 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó tó yẹ fún ìtọ́jú tó bá ti ọwọ́ wọn wá nídìí ìtọ́jú àwọn tí kò gba bẹ́ẹ̀dì. Láàrin irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti lè tètè buwọ́ lu ìwé tí kò kà tán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Owó Social Security àti ti Medicare jẹ́ ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún òṣìṣẹ́, ọ̀gá a san ìdajì, òun náà a san ìdajì, ìyẹn 7.65. Agbaṣẹ́ṣe ni yóò dá san méjèèjì, lórí ìdá 92.35 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba dọ́là 45 ní wákàtí kan, tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń sanwó ìsinmi ọjọ́ 21 fún un lọ́dún. Yóò gba dọ́là 93,600. Bí wọ́n bá yọ ìdá 7.65, yóò ku nǹkan bíi 86,440. Agbaṣẹ́ṣe tó ń gba dọ́là 52 kì yóò rí kọ́bọ̀ gbà ní ọjọ́ 21 wọ̀nyẹn. Ọjọ́ 239 tó kù yóò mú dọ́là 99,424 wá. Bí wọ́n bá yọ owó tirẹ̀, tó tó 14,048, yóò ku 85,376. Ẹni tó ń gba dọ́là méje lé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú dọ́là tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kò sì tíì ra adójútòfò ìlera, kò tíì san ti àṣìṣe ẹnu iṣẹ́, kò sì tíì fi nǹkan pamọ́ fún ìfẹ̀yìntì.

Lóòótọ́, agbaṣẹ́ṣe lè yọ owó epo mọ́tò, owó irinṣẹ́ àti ìnáwó iṣẹ́ mìíràn kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa san owó-orí náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin: ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé yóò san owó ìtanràn.

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ ìjàǹbá. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ẹ̀yìn ṣèṣe níbi tó ti ń gbé aláìsàn, owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa wà fún un. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè béèrè owó ìrànwọ́ àìníṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kì í sábà ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ta ló ń pàṣẹ iṣẹ́?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí olóko ń jí lọ sóko tó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un, àti ẹni tó gba àgbàṣe ilẹ̀ kan, tó mọ ìgbà tí òun yóò lọ àti ọkọ́ tí òun yóò fi ro ó. Òfin Amẹ́ríkà náà kò wo orúkọ tó wà nínú ìwé nìkan. Ọ̀nà mẹ́ta ni IRS, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀, ń gbà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èkíní, ta ló ń pàṣẹ bí iṣẹ́ yóò ṣe rí? Èkejì, ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń dá iye owó, ta ló sì lè jèrè tàbí kó pàdánù? Ẹ̀kẹta, irú àjọṣe wo ló wà láàrin wọn?

Bí iléeṣẹ́ bá ń yan wákàtí fún oníṣẹ́ OT, tó ń yan aláìsàn fún un, tó sì ń kọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ níbòmíràn, òṣìṣẹ́ ni ó fara jọ, kódà bí ìwé pè é ní agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó ní oníbàárà tirẹ̀, tó ń dá iye owó rẹ̀, tó sì forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medicare, agbaṣẹ́ṣe ni lóòótọ́.

Òfin California tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2020, tí òfin AB 5 ti bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kì í darí ẹni náà, pé iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí òwò tí òun ń ṣe, àti pé ó ní irú òwò bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n yọ dókítà, oníṣègùn eyín àti onímọ̀ nípa ọpọlọ sílẹ̀ nínú òfin náà, ṣùgbọ́n wọn kò yọ oníṣẹ́ OT. Ìbéèrè kejì ló ṣòro jù fún iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ìtọ́jú OT ni òwò rẹ̀. New Jersey àti Massachusetts náà ní irú ìdánwò oníbéèrè mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó wà lórí H-1B, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó béèrè físà fún un nìkan ló lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá gba iṣẹ́ 1099 ní ìparí ọ̀sẹ̀, ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́.

Kí wọ́n tó buwọ́ lùwé

Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe gbọ́dọ̀ bèèrè ohun mélòó kan. Ta ni yóò sanwó bí aláìsàn kò bá sí nílé? Ṣé wọ́n ń sanwó àkókò tó fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú? Bí iléeṣẹ́ adójútòfò bá kọ̀ láti san, ta ni yóò jẹ gbèsè náà? Ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi sọ tẹ́lẹ̀ kí àdéhùn tó parí?

Ẹni tí wọ́n bá pè ní agbaṣẹ́ṣe lọ́nà àìtọ́ lè kọ fọ́ọ̀mù SS-8 sí IRS kí wọ́n bá a yanjú rẹ̀; wọn kì í gba owó fún un, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù 8919 wà pẹ̀lú, èyí tó lè jẹ́ kí ó san ìdajì tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ náà lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe ohun burúkú fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì ṣírò owó rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: owó tí ènìyàn san fún aṣírò-owó tàbí agbẹjọ́rò kan kó tó buwọ́ lùwé kéré púpọ̀ sí ohun tí yóò ná an bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìjàǹbá ló tó wá mọ̀ pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni.