Ògbóni ní Ọ̀yọ́ Ilé: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ó Ti Kọjá

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò pé ta ni ó ń kó Aláàfin níjàánu ní Ọ̀yọ́ Ilé, yóò dáhùn pé Ọ̀yọ́ Mèsì ni, àti pé Ògbóni ni ó ń kó Ọ̀yọ́ Mèsì náà níjàánu. Apá kìíní ìdáhùn yìí fìdí múlẹ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọ̀dọ̀ Peter Morton-Williams ni ó ti wá. Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni. Ó gbé láàrin àwọn ará Ọ̀yọ́, ó tẹ́tí sí àgbà, ó sì gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí Ògbóni jáde ní 1960. Ó ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ náà ṣe dúró láàrin Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì, tí ìhà kan kò fi borí èkejì. Iṣẹ́ gidi ni, kò ṣeé kó dànù. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ wo ni ó rí? Èyí tí Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọjà ni, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú ní nǹkan bí 1835.

Ní 1973, J. A. Atanda béèrè bóyá Ògbóni tilẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ Ilé rárá. Èrò rẹ̀ ni pé Ọ̀yọ́ tuntun ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà sọ àwọn ọba di ẹni ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni Abíọ́dún ti rí ìrànlọ́wọ́ kí ó tó ṣẹ́gun ní 1774. Bí iṣẹ́ Ògbóni bá jẹ́ láti dá irú Gáà lẹ́kun, níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà? Ẹnì kan lè wí pé àlùfáà ni Johnson, kò fẹ́ tú àṣírí awo. Síbẹ̀, ó kọ̀wé nípa agbára Ògbóni láàrin Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú láìfi ṣàbòsí, ó sì ní ti Ọ̀yọ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ ṣèwádìí láàfin, kí ó béèrè ìgbà ọba tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì rántí pé ìjòyè tí ń dáhùn ń gbèjà oyè ara rẹ̀. Àtìbà kan náà fi Olúyọ̀lé Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Orúkọ oyè kò yí padà. Iṣẹ́ tí oyè ń ṣe ni ó yí.