Orin Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹnu Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tí àwọn ìjọ mìíràn sì tẹ̀ lé e, ìwé kò tó nǹkan lọ́wọ́ àwọn ajíhìnrere, ṣùgbọ́n orin kò wọ́n wọn. Ọmọ tí kò tíì dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B a máa gba orin mímọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu tíṣà, a sì kọ́ ọ sórí. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 fi owó ìjọba ti ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ní Èkó, láìka Yorùbá sí, Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí tíṣà gbọ́dọ̀ gbìn sí ọmọ lórí lọ́nàkọnà.

Ní ti ọ̀rọ̀ nìkan, ọ̀nà náà kò burú. Ìró ohùn ni Yorùbá fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí orin àjèjì bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó wálẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbáà lọ sókè, ìbáà wá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò di òmíràn. Nítorí náà, orin òyìnbó kan náà tí ó ba ìtumọ̀ orin mímọ́ Yorùbá jẹ́ kò pa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára.

Ibòmíràn ni ewu wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu a máa tẹ sílébù kan ju àwọn yòókù lọ: bí ‘record’ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, sílébù kìíní ni, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ìkejì ni. Orin kì í fi gbogbo èyí hàn, ó sì lè fa sílébù tí kò lágbára gùn. Ọmọ Yorùbá, tí èdè rẹ̀ ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a wá kọ gbogbo wọn ní ọgbọọgba.

Ti gírámà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Isaac Watts kú ní 1748, Charles Wesley ní 1788. Gẹ̀ẹ́sì ayé wọn ni ọmọ ń kọ lórin: ‘thee’, ‘thou’, ‘hath’, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a tì sí ìparí ìlà kí ohùn lè bára mu. Bí ọmọ bá kọ irú rẹ̀ sínú àròkọ, yíǹkì pupa ni èrè rẹ̀. Ta ni ó sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì náà ti gbó?

Orin ábídí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí Charles Bradlee tẹ̀ jáde ní Boston ní 1835, ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi rí mọ̀ bí L, M, N, O, P ṣe ń já jáde bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní Amẹ́ríkà kan náà ni Carolyn Graham, tí ń kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì ní New York, ti ṣàkíyèsí pé ìlù jáàsì bá bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ mu. Ó fi ohùn orin sílẹ̀, ó mú ìlù nìkan, ó sì fi ìbéèrè àti ìdáhùn ojoojúmọ́ sí i. Ibi tí ẹnu ń tẹ̀ ni ìlù ń bọ́ sí. Gírámà rẹ̀ sì ni ti ẹni tí ó wà láàyè. Ìwé rẹ̀, Jazz Chants, jáde ní 1978, ọdún 136 lẹ́yìn tí Freeman gúnlẹ̀. Ní àkókò náà, ìwé orin àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá níbi àpéjọ òwúrọ̀.