Owó bodè lórí irin àti alumíníọ́mù

Èyí ni owó tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà lórí irin àti alumíníọ́mù tó bá ti òkèèrè wọlé. Ní 2018, Amẹ́ríkà fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin, 10 lé alumíníọ́mù. Ní oṣù kẹfà 2025, ó sọ méjèèjì di 50. Owó bodè ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni Nàìjíríà ń lò láti 2015: ìpele márùn-ún, láti òdo dé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdí owó bodè ni kí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè rọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ wo? Ní Kogi, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú àwọn ará Soviet, òkúta irin Itakpe sì wà nítòsí. Síbẹ̀, ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin rí. Ti alumíníọ́mù ní Ikot Abasi bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ó dákẹ́ ní 1999. Nítorí náà, oníbàárà ni owó bodè ń já lé léjìká. Wẹ́dà tó ń ṣe géètì ní Amuro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopamuro, kò dé ibodè rí, àmọ́ owó náà ti wà nínú iye tó ra irin. Alágbẹ̀dẹ tó ń fi àjákù irin mọto rọ ọkọ́ nìkan ni ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.