Orísun Zwarte Piet ní Ilẹ̀ Họ́láńdì

Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdọọdún, àwọn ọmọdé ilẹ̀ Họ́láńdì a máa retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ Sinterklaas, ìyẹn Nikolaas Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Zwarte Piet, èyí ni Piet Dúdú, ni ìránṣẹ́ rẹ̀.

Oríṣiríṣi ni ìtàn tí wọ́n ń pa nípa orísun rẹ̀. Àwọn kan ní ẹyẹ ìwò tí ń jíṣẹ́ fún Wodan, òrìṣà àtijọ́, ni ó di ènìyàn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí àìmọ́ tí ẹni mímọ́ fi ẹ̀wọ̀n dè ni. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé ẹ̀dú ihò èéfín ni ó kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀dú kì í rán aṣọ àrán, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi yẹtí síni létí.

Ọdún 1850 ni Jan Schenkman, olùkọ́ ní Amsterdam, tẹ ìwé ọmọdé kan jáde, nínú èyí tí Nikolaas ti ní ìránṣẹ́ adúláwọ̀ tí kò lórúkọ. Nígbà náà, ẹrú ṣì ń ṣiṣẹ́ fún Họ́láńdì ní Suriname. Ọdún 1863 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Elmina ní etíkun Gánà, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú rí, wà lọ́wọ́ wọn títí di 1872.

Ní 2011, ọlọ́pàá mú Quinsy Gario àti Jerry Afriyie, ọmọ bíbí Gánà, ní Dordrecht nítorí aṣọ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Zwarte Piet. Ní 2020, olórí ìjọba, Mark Rutte, sọ pé èrò òun ti yí padà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀dú díẹ̀ ni wọ́n ń fi pa ojú Piet. Àwáwí ihò èéfín ti wá di òótọ́.