Ta Ni Ó Ni Ìsọ̀? Ìtàn Títa Ẹ̀kọ́ ní Yábàá àti Agbègbè Rẹ̀, Láti Orí Lẹ́tà Dé Orí Ìkànnì Ayélujára

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára lónìí yóò bá oríṣiríṣi ìkànnì pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ń pe ara rẹ̀ ní èyí tí ó dára jù. Ẹwà ojú ìkànnì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn Yábàá àti agbègbè rẹ̀ fi òṣùwọ̀n mìíràn lélẹ̀: ọwọ́ ta ni owó wà, ọwọ́ ta ni orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ náà sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan? Kì í ṣe ayélujára ni ó bí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Wọ́n ti wà láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti ń ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá.

Ẹ̀kọ́ Orí Lẹ́tà

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1934 ni ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní gbangba. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò ní iyì oyè yunifásítì. Ìbínú sí èyí wà lára ohun tí ó bí Lagos Youth Movement ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ tí Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies dá sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè yunifásítì láìkúrò nílé ní láti yíjú sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò gbé inú ọgbà rẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Wolsey Hall àti Rapid Results College sì ń ta ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ nípasẹ̀ lẹ́tà. Irú ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí ó fi gba oyè B.Com. ní ọdún 1944.

Nínú ètò yìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìkànnì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àtùpà elépo tó láti fi ka ẹ̀kọ́ tí ó bá dé. Àléébù rẹ̀ ni pé owó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè òkun, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òkè òkun, olùkọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ kò sì jẹ àǹfààní kankan níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Àfìwéránṣẹ́ ní Àkọkà

Ní ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà, dá Correspondence and Open Studies Unit sílẹ̀, ẹ̀ka tí ó di Distance Learning Institute ní ọdún 1997. Ìyípadà ńlá ni èyí. Náírà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san, orúkọ rẹ̀ wà ní Àkọkà, ẹni tí ẹ̀kọ́ bá sì rú lójú lè wọ ọkọ̀ láti Múṣin tàbí Sùúrùlérè lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn lè ti ilẹ̀kùn. Ọdún 1983 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì tí kò ní ògiri sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984 ni ìjọba ológun dá a dúró. Ó di ọdún 2002 kí ó tó jí dìde gẹ́gẹ́ bí National Open University of Nigeria.

Ayélujára Dé Yábàá

Ní ọdún 2010 ni okùn ìsàlẹ̀ òkun ti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 2011, Co-Creation Hub ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi pọ̀ ní àdúgbò náà.

Gbígbé ẹ̀kọ́ sórí ìkànnì kò ṣòro mọ́. Gbígba owó ni ó ṣòro. Nígbà tí PayPal gba Nàìjíríà wọlé ní ọdún 2014, sísan owó ni ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe, kò gbà wọ́n láàyè láti gba owó. Olùkọ́ ní Yábàá lè ra ẹ̀kọ́ láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀nà kan náà ta tirẹ̀. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí ìṣòro gbígba owó náírà. Ní ọdún 2016 ni Selar, ti Douglas Kendyson, bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ lè ta ẹ̀kọ́ níbẹ̀ kí owó sì wọ báńkì rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò ronú kan títa ẹ̀kọ́ lórí ayélujára rí ara wọn nínú òwò yìí.

Oríṣi Ìsọ̀ Mẹ́ta

Àwọn ìkànnì tí olùkọ́ lè lò pín sí mẹ́ta. Èkíní dà bí ọjà tí ó ti ní èrò. Udemy, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, jẹ́ irú rẹ̀. Ìlànà tí ó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé bí ìkànnì bá fúnra rẹ̀ wá olùrà, ìdá 37 nínú 100 ni ti olùkọ́. Bí olùkọ́ bá mú olùrà tirẹ̀ wá, ìdá 97 ni tirẹ̀. Alágbàtà kò burú, nítorí òun ni ó mú èrò wá. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó mọ àwọn olùrà.

Èkejì ni ìsọ̀ tí olùkọ́ yá. Àwọn kan, bíi Teachable, ń gba owó oṣooṣù ní dọ́là. Àwọn mìíràn, bíi Selar, ń gba ìdá díẹ̀ lórí ọjà tí ó bá tà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, dọ́là 30 lóṣù jẹ́ ₦13,800. Ní ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kọjá ₦1,400, owó kan náà ti lé ní ₦42,000, yálà akẹ́kọ̀ọ́ wá tàbí kò wá. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ti dín iye dọ́là tí káàdì náírà lè san kù sí 20 lóṣù.

Ẹ̀kẹta ni ilé tí olùkọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Moodle, tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 2002, jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ olùkọ́ yóò san owó àyè tí ìkànnì náà wà, yóò sì nílò ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Tẹ̀júoṣó fi ewu ìsọ̀ àyálò hàn. Lẹ́yìn tí iná jó ọjà náà ní ọdún 2007, tuntun ṣí ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àtijọ́ ni owó ìsọ̀ tuntun ju agbára wọn lọ. Èyí tí ó mọ ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa bá òwò rẹ̀ lọ níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ tí ó ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Tó Nǹkan

Fídíò wákàtí kan tí ó mọ́ kedere lè jẹ dátà tó gígábáìtì kan. Ohùn nìkan kì í jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ní Múṣin tí ó ń fi fóònù kékeré kẹ́kọ̀ọ́ lè rí owó ẹ̀kọ́ san kí owó dátà sì lé e padà. Ìkànnì tí kò gba ohùn, tàbí ìwé tí a lè gbà sórí fóònù kí a sì kà á láìsí dátà, ti yọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lórí èyí, lẹ́tà àtijọ́ sàn jù ú lọ.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí àní-àní pé kò sí ìkànnì tí kò ní àléébù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn ìsàlẹ̀ òkun mélòó kan, MainOne sì wà lára wọn, bàjẹ́ ní etí òkun Ivory Coast, ayélujára sì di ìṣòro ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Olùkọ́ tí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí ìkànnì nìkan kò lè ta ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìtàn yìí tọ́ka sí ni ìkànnì tí ń gba náírà, tí ń gba owó tirẹ̀ nígbà tí ọjà bá tà nìkan, tí ó sì ń jẹ́ kí olùkọ́ kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ. Kí ojúlówó ẹ̀kọ́ wà nílé olùkọ́, kí ẹ̀dà tí kò wúwo sì wà fún ẹni tí dátà rẹ̀ kéré. Bí olùkọ́ bá ti di nǹkan wọ̀nyí mú, ó lè yí ìsọ̀ padà láìpàdánù ọjà.